Akẹ́kọ̀ọ́ Kẹtàdínlógún

"Ẹ gbé e lọ fún un kó wọ̀ ọ́ wò," ni Ọ̀gá Akínjídé, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wí, ó sì ti ofaróòlù búlúù tuntun náà sún mọ́ Theresa lórí tábìlì. "Gíga àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ojú kì í sì í hàn lábẹ́ ìbòjú wẹ́dà."

Theresa kò fọwọ́ kan aṣọ náà. Wọ́n ti fi òwú funfun kọ orúkọ sí àyà rẹ̀: ỌLÁMIPỌ̀SÍ OLÚGBÁDÉ.

"Ọ̀gá, Firdaus lorúkọ ọmọ tó ni iṣẹ́ yẹn."

"Mo mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé èmi kọ́ ni mo fọwọ́ sí ìwé tó fi wọlé ni?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. "Mísísì Theresa, ẹ jókòó. Ẹ má dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá."

Ó jókòó. Láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì náà, ó ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kun òkúta etí ọ̀nà ní ọ̀dà funfun, láti ẹnu géètì títí dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Àlejò ń bọ̀ lọ́la.

Ọdún mẹ́ta ni Theresa fi wá àlejò náà. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbà á sí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ náà, tó wà lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olóyè Olúgbádé, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ní òun fẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì òun ní àjọṣepọ̀ pẹ̀lú ti òkè òkun, Theresa ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Ó kọ lẹ́tà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́tàlélógún. Ẹyọ kan ló dáhùn, ilé ẹ̀kọ́ kan létí òkun ní Dẹ́ńmáàkì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ wẹ́dà. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Anders, olùkọ́ àgbà níbẹ̀, ló fèsì. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Theresa ń gun àkàbà táǹkì omi lọ sókè, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dára díẹ̀, kó lè bá a sọ̀rọ̀. Yóò ya àwòrán irin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jó pọ̀, yóò fi ránṣẹ́. Anders yóò fi àmì pupa sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, yóò dá a padà.

Anders ló sọ pé òun kò fẹ́ orúkọ. Nọ́ńbà ni kí wọ́n máa kọ sára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa tìtorí ọmọ ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ gbé e ga tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nínú ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́, àwọn mẹ́ta ló yege láti lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Dẹ́ńmáàkì fún oṣù mẹ́sàn-án: Babájídé, Ṣéhù, àti ẹni tí Anders mọ̀ sí Akẹ́kọ̀ọ́ Kẹtàdínlógún. Kò sí lẹ́tà tó kọ tí kò ti béèrè ẹni yìí. "Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún," ó kọ ọ́ nígbà kan, "n kò ní irú ọwọ́ yẹn."

Firdaus ni Kẹtàdínlógún. Ọmọ ìlú Afo ni, baba rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́.

"Olóyè ti sọ̀rọ̀," ni Akínjídé ń bá lọ. "Ọmọ ọmọ wọn ni yóò lọ. Ta ló ni ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí? Ta ló ra jẹnẹrétọ̀?"

"Ọlámipọ̀sí kò lè jó irin méjì pọ̀, Ọ̀gá. Iná gan-an ló ń bẹ̀rù."

"Yóò kọ́ ọ níbẹ̀. Ṣebí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń lọ nìyẹn."

"Anders ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí Kẹtàdínlógún lẹ́nu iṣẹ́."

"Yóò sì rí i. Kẹtàdínlógún náà ni yóò jó irin. Kò kàn ní bọ́ ìbòjú ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dùn mọ́. Nígbà tó rí i pé Theresa kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó gbé awò rẹ̀ wọ̀ padà. "Oṣù Kejìlá ni àdéhùn iṣẹ́ yín máa parí, àbí? Tuntun ti wà lórí tábìlì Olóyè. Wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá sì ń rò ó pé ẹ ó lọ sọ fún òyìnbó, ẹ rántí Babájídé àti Ṣéhù. Òyìnbó kì í ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò nínú agbọ̀n. Tòun tagbọ̀n ni wọ́n ń dà nù."

Theresa fa ofaróòlù náà sún mọ́ ara rẹ̀.

"Kí ni kí n sọ fún ọmọ náà?"

"Ẹ sọ fún un pé ọdún tó ń bọ̀ ni tirẹ̀."

Theresa gbójú sókè. Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ni lẹ́tà Anders dé: ìjọba ilẹ̀ wọn ti fòpin sí ètò náà. Àwọn mẹ́ta yìí ni àkọ́kọ́, àwọn náà ni àkẹ́yìn.

"Ọ̀gá, kò sí ọdún tó ń bọ̀."

"Ta ló mọ̀, yàtọ̀ sí èmi àti ẹ̀yin?"

Theresa bá Firdaus níwájú wọ́kíṣọ́ọ̀bù, tó fi ọṣẹ àti àkísà ń fọ ìbòjú rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, àpá iná wẹ́wẹ́ sì pọ̀ lápá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìgbálẹ̀ ni olùkọ́ wọn fún un, tó ní kó máa gbálẹ̀ títí òun yóò fi rí nǹkan tí obìnrin lè ṣe níbẹ̀. Ó gbálẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Bó ṣe ń gbá a ló ń wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Mà," ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ṣé lóòótọ́ ni pé ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀? Ìyá mi ti ra súwẹ́tà nínú òkìríkà. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ pé òtútù ibẹ̀ ń pa màlúù."

"Firdaus, jẹ́ ká bọ́ sẹ́yìn."

Lẹ́yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù, nídìí àwọn àlòkù páìpù, Theresa tú ofaróòlù náà, ó gbé e fún un. Firdaus na aṣọ náà síwájú ara rẹ̀. Ó ka orúkọ àyà rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì.

"Mà, àwọn tó rán an ti ṣe àṣìṣe."

"Kì í ṣe àṣìṣe."

Theresa sọ ọ́ fún un, ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń fa ẹ̀gún yọ. Yóò wọ aṣọ náà. Yóò jó páìpù níwájú òyìnbó. Kò ní bọ́ ìbòjú. Yóò gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ inú sítóò, Ọlámipọ̀sí yóò sì jáde.

Firdaus fi ìka tọ òwú orúkọ náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Èmi ni màá jó o, òun ni yóò lọ?"

"Ti ọdún yìí nìkan ni. Ọdún tó ń bọ̀, orúkọ tìrẹ ni yóò ṣáájú."

"Tí mi ò bá ṣe é ńkọ́, Mà?"

"Babájídé àti Ṣéhù kò ní lọ. Kò sẹ́ni tí yóò lọ."

Firdaus ń ká etí ọwọ́ aṣọ náà sókè, ó tún ń tú u sílẹ̀. "Ti ọdún tó ń bọ̀ yìí, ṣé Ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí ẹ̀yin?"

"Kí ni ìyàtọ̀ níbẹ̀?"

"Tó bá jẹ́ Ọ̀gá ni, mi ò gbà á gbọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, màá gbà á gbọ́."

Theresa wo páìpù tó ti dípẹtà nílẹ̀.

"Èmi ni mo sọ ọ́," ó wí.

Firdaus mi orí pé òun gbà. Ó ki ẹsẹ̀ bọ aṣọ náà lé èyí tó wọ̀ lórí, ó fa síìpù rẹ̀ títí dé ọrùn, ó na apá méjèèjì kó lè wò ó dáadáa.

"Ó bá mi mu, Mà," ó wí.

Ní ọjọ́ kejì, Anders dé kí oòrùn tó mú. Ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, àpá iná sì pọ̀ lápá tirẹ̀ náà. Ó kọjá lára Olóyè Olúgbádé àti Ọ̀gá Akínjídé tí wọ́n na ọwọ́ sí i, Theresa ló kọ́kọ́ lọ bá. "Ẹ káàárọ̀ o," ó wí, gẹ́gẹ́ bí obìnrin náà ṣe kọ́ ọ lórí fóònù. Ó di ọwọ́ Theresa mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì tètè fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Kẹtàdínlógún dà?"

Firdaus ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ìbòjú lójú, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ìborùn tí a wé mọ́ ọrùn dé àgbọ̀n. Páìpù méjì ni wọ́n so mọ́ òpó irin níwájú rẹ̀. Páìpù náà kò gbọdọ̀ yí. Wẹ́dà fúnra rẹ̀ ni yóò yí i po, láti ìsàlẹ̀ wá sókè, títí yóò fi padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, torí lábẹ́, irin tó yọ́ máa ń fẹ́ kán sílẹ̀ ni.

Anders gbé gíláàsì dúdú tirẹ̀ sójú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iná funfun ṣẹ́ yọ. Fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun mìíràn ju ìró jẹnẹrétọ̀ àti iná tó ń ta ṣàṣà. Firdaus lóṣòó, ó yí ara díẹ̀, ó dìde lórí ìka ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò yára, bẹ́ẹ̀ ni kò falẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi òòlù kékeré gbá ìdàrọ́, èèpo tó bo ojú irin, kúrò. Ohun tó hàn lábẹ́ rẹ̀ tò lérí ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Anders sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè tirẹ̀, ó sì nu ojú.

Firdaus dìde, ó tẹ orí ba, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ inú sítóò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe.

"Ó ń lọ ṣanwọ́ ni," ni Akínjídé yára wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan tútù wá fún yín, sà."

Nígbà náà ni Theresa gbọ́ ìró àgádágodo. Láńre tó ń ṣọ́ sítóò ló ti í pa láti ìta. Èyí kò sí nínú ohun tó bá Firdaus sọ. Ó wo Akínjídé. Akínjídé ń ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àlejò. Pákó lásán ló wà láàárín sítóò àti ibi tí gbogbo wọn dúró sí.

Ọlámipọ̀sí gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà jáde sí wọn. Irú ofaróòlù kan náà ló wọ̀, ó gbé ìbòjú dání, wọ́n sì ti fi èédú ra iwájú orí rẹ̀. Ó tó ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, iṣẹ́ irun ṣíṣe ló wù ú, ó sì ti sunkún títí láàárọ̀ ọjọ́ náà kí baba àgbà rẹ̀ tó jágbe mọ́ ọn.

Anders di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bọ̀ ọ́. Ó wá yí àtẹ́lẹwọ́ náà sókè díẹ̀, ó wò ó.

"Sọ fún mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Nígbà tí o dé abẹ́ páìpù, kí lo ṣe tí irin kò fi kán sílẹ̀?"

Ọlámipọ̀sí wo Theresa. "Mo… mo rọra ṣe é ni, sà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Anders kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀, ó kọjú sí Theresa.

"Mísísì Theresa, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ ti ń kọ̀wé sí mi. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ yín bàjẹ́ fún oṣù méjì, ẹ sọ fún mi. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ jíwèé wò, ẹ sọ fún mi. Ẹ kò parọ́ fún mi rí. Ṣé Kẹtàdínlógún nìyí?"

Gbogbo ojú yí sí i. Olóyè Olúgbádé fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Theresa mọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́yìn pákó náà ń gbọ́.

"Òun ni, sà," ó wí.

Anders wò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i. "Bí ẹ bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Ó yọ ìwé jáde, ó ní kí Ọlámipọ̀sí pe lẹ́tà orúkọ rẹ̀ fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó bá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní inú òun kò dùn sí ohun tí òun fẹ́ sọ. Àwọn mẹ́ta yìí ló máa kẹ́yìn. Ọdún tó ń bọ̀ kò sí, ọdún tó tẹ̀ lé e kò sí. Ṣùgbọ́n òun dúpẹ́ pé ẹni tó dára jù lọ wà lára wọn, kò pàdánù àyè rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kùn hùn-ùn. Akínjídé ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Kò sí ìró kankan láti inú sítóò.

Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n kó àlejò lọ sílé Olóyè lọ jẹun, Theresa bá wọn lọ torí wọ́n ní kó bá wọn lọ. Ó ti jẹ ìrẹsì rẹ̀ dé ìdajì kó tó rí Láńre lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, tó ń jẹ ẹran, kọ́kọ́rọ́ sítóò rọ̀ lára bẹ́líìtì rẹ̀.

"Láńre! Ọmọ tó wà nínú sítóò ńkọ́?"

"Háà." Láńre dá ẹnu dúró. "Mo ti gbàgbé rẹ̀ o."

Ó ti lé ní wákàtí méjì. Páànù ni òrùlé sítóò náà, kò sì ní fèrèsé. Nígbà tí Theresa àti Láńre padà débẹ̀, tí Láńre ṣí i, Firdaus jókòó sórí àpótí irin, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, gbogbo ara rẹ̀ tutù fún òógùn, ètè rẹ̀ sì ti bó. Kò sunkún. Ó dìde, ó bọ́ ofaróòlù náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé àpótí.

"Firdaus, mi ò mọ̀ pé wọ́n máa tì ọ́ mọ́lé."

"Ẹ ṣeun, Mà."

"Wá mu omi."

"Mà, bàbá yẹn ní kò sí ọdún tó ń bọ̀." Ó ń wo ojú rẹ̀ tààrà, ohun tí kò ṣe rí. "Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Láńre ń ṣe bí ẹni tó ń ka páìpù. Theresa lè sọ òótọ́ nígbà náà. Ó mọ̀ pé òun lè sọ ọ́.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Ẹnu rẹ̀ ni èmi náà ti gbọ́ ọ."

Firdaus mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà ń gbọ́ irọ́ ọmọdé tí kò sì fẹ́ bá a jiyàn. "Ó dáa, Mà," ó wí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ẹnu géètì jáde. Kò padà wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́.

Ní Ọjọ́ Ajé, Olóyè fọwọ́ sí àdéhùn iṣẹ́ Theresa, ti ọdún mẹ́ta. Wọ́n pè é ní Olùdarí Àjọṣepọ̀ Òkè Òkun. Wọ́n fún un ní ọ́fíìsì tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àjọṣepọ̀ kankan tó kù láti darí. Ó máa ń jókòó níbẹ̀, yóò ṣí àwòrán àwọn irin àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà, yóò wo nọ́ńbà tó wà lára wọn, yóò tún pa á dé. Àwọn mẹ́ta náà gbéra lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Anders kò kọ lẹ́tà sí i mọ́, àfi ìlà kan tó fi sọ pé wọ́n ti gúnlẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Theresa gba fọ́ọ̀mù ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, ó ra búrẹ́dì ńlá kan àti mílíìkì agolo, ó wọkọ̀ láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìdòàní, ó sì gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ dé Afo. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé nítorí fọ́ọ̀mù náà ni òun ṣe lọ.

Rùkáyàt, ìyá Firdaus, ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Obìnrin tó gbẹ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí èèpo igi. Ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ èdè ìlú wọn nígbà tí Theresa yọjú, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ orúkọ àlejò, ó fò dìde.

"Mísísì Theresa? Ẹ̀yin gan-an? Afo lẹ wá yìí?" Ó fi ìró nu àpótí ìjókòó, ó sáré bu omi. Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ síwájú àlejò rẹ̀. "Mà, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín jù. Ọmọ mi dójú tì yín."

Omi náà dúró lẹ́nu Theresa.

"Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi," ni Rùkáyàt ń wí. "Ó ní nígbà tí òyìnbó dé, ọwọ́ òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Irin kò jó pọ̀. Ó ní kò sí bí ẹ ò ṣe ṣe é tán, ẹ bẹ òyìnbó, ṣùgbọ́n òun ló ba tòun jẹ́. Mo sì ti sọ fún gbogbo ìlú! Lémọ́ọ̀mù ti gbàdúrà fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè jáde." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo nà án, Mà. Ọmọ ogún ọdún. Mo fi igi nà án bí ẹni na ewúrẹ́ tó jẹṣu. Kò sunkún, kò sá. Ó ní kí n máa bínú."

"Mama Firdaus…" ni Theresa bẹ̀rẹ̀.

Firdaus yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, agbada ẹ̀gẹ́ lórí. Ó rí Theresa, kò sì dúró. Ó sọ agbada kalẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mà," ó tún ìborùn rẹ̀ wé.

"Ṣé o rí wọn?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n ṣì ń wá ọ wá. Ẹ jókòó o, Mà. Ẹ ò ní lọ lọ́wọ́ òfo." Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi abà iṣu.

Ó ku àwọn méjèèjì. Theresa na fọ́ọ̀mù sí i. "Mo gbà á fún ọ. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti máa ṣe é."

Firdaus gbà á, kò wò ó. "Ẹnì kan ń ṣe géètì ní Ìdòàní, Mà. Ó ń wá ẹni tó lè jó páìpù táǹkì epo. Mo lọ bá a. Ó ní obìnrin ò lè ṣe é, àfi tí mo bá mú ìwé wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì." Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú ìwé tó ya nínú ìwé àjákọ àti báírò. Ó gbé e lé orúnkún Theresa. "Ẹ kọ ọ́ fún mi pé èmi ni mo jó páìpù tí òyìnbó wò lọ́jọ́ yẹn. Ìlà kan péré ni. Mi ò bínú, Mà. Ìlà kan ṣoṣo."

"Kì í ṣe irú ìwé báyìí…"

"Ìwé yòówù kó jẹ́. Ṣebí ẹ ó fọwọ́ sí i."

Theresa mú báírò. Lójú ọkàn rẹ̀, ó rí ìwé náà lọ́wọ́ oníṣẹ́ géètì. Ó rí ẹni tó fi fóònù yà á, tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, tí ẹlòmíì fi ránṣẹ́ sí Olóyè. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé, irú èyí tó fi ń kọ lẹ́tà sí òkè òkun. Ó kọ ọ́ pé Firdaus jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fún ọdún méjì, pé ó ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ lé àṣẹ. Ó fọwọ́ sí i. Ó kọ oyè rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Firdaus kà á. Ó tún un kà. Ó wá yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti dé pẹ̀lú iṣu mẹ́rin lápá. "Kí ni wọ́n kọ fún ọ?"

"Wọ́n ní mo ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀," ni Firdaus wí. "Wọ́n ní mo máa ń tẹ̀ lé àṣẹ."

"Lẹ́yìn ohun tó ṣe fún yín!" Iṣu fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Rùkáyàt. "Ẹ̀yin gan-an lẹ bí ọmọ yìí, kì í ṣe èmi. Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ohun tí ẹ ṣe fún ọmọ mi, wọn yóò ṣe é fún ọmọ tiyín."

Theresa ní àmín.

Firdaus ru iṣu náà dé ojú títì, níbi tí ọ̀kadà ti ń dúró de Theresa. Ó bá ọlọ́kadà dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó fa okùn náà títí ó fi le. Ó wá ká ìwé tí Theresa kọ náà sí mẹ́rin, ó kì í bọ inú báàgì Theresa, ó sì ki fọ́ọ̀mù bọ̀ ọ́ pẹ̀lú.

"Firdaus, gba fọ́ọ̀mù, ó kéré tán."

Firdaus kúnlẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀, orúnkún méjèèjì, ọwọ́ lẹ́yìn.

"Ẹ má wá sílé wa mọ́, Mà," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ga. "Tí ìyá mi bá tún rí yín, wọ́n á tún dúpẹ́."

Ó dúró bẹ́ẹ̀, ojú nílẹ̀, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Lókè lọ́hùn-ún, lẹ́nu ọ̀nà ilé, Rùkáyàt rí ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ ṣé o, Mà! Ẹ bá wa kí Ọ̀gá o! Ẹ má gbàgbé wa o!"

Ọlọ́kadà tan ẹ̀rọ rẹ̀. Theresa gun ẹ̀yìn rẹ̀, iṣu ń tì í láti ẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó juwọ́ sí obìnrin náà títí ọ̀nà fi tẹ̀ kọ̀rọ̀.